Ahọ́n Ilé Adétóyè

"Ìwọ lo pa á! Ìyá yìí, ìwọ lo jẹ Gbádé! O jẹ ẹ́ tán, o ò tiẹ̀ nu ẹnu!"

Ọmọ́ládé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá, ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ ṣì jókòó sórí àga ike, tí wọ́n ń yọ ẹran kúrò láàárín eyín. Àdìkẹ́ ni ìyá tó ń bú, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìyàwó ilé tó bá lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "ìwọ" ní Ọ̀fà, kì í ṣe ẹnu nìkan ló mú, ìtìjú ti ṣí kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

Àdìkẹ́ ò gbójú sókè. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Mo ti nu ẹnu mi," ló wí. "Ìwọ ni kó o nu tìẹ, ìyàwó. Ìrẹsì òkú ṣì wà létè rẹ."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí àga ike, ó sì yára fi ikọ́ bò ó.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ẹnu àjẹ́!" Ọmọ́ládé na ìka títí ìka náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ imú ìyá náà. "Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára mi láàárín ọdún kan. Adìẹ mi kú tán. Gbádé jẹ àkàrà láàárọ̀, kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí, ó ti kú. Ta ló dín àkàrà náà? Ẹ bi í kó sọ!"

"Èmi ni mo dín in. Ìwọ náà jẹ mẹ́rin níbẹ̀. Kí ló dé tí o ò kú?"

Ikú Gbádé yìí, ẹni tó bá rí i kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ère wọn láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan pẹ̀lú ara líle, ó ń kọ orin ìjọ. Nígbà tí Hadassah ìyàwó rẹ̀ máa fi dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, orí sìmẹ́ńtì ló bá a, láàárín àwọn ère. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ajá dìgbòlugi. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lára. Ó ti bì, ó ti ṣu sára, ẹran ara rẹ̀ ń jó fúnra rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ sì ti súnkì títí ó fi kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Kí wọ́n tó rí mọ́tò gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti tán. Dókítà béèrè ohun tó jẹ, wọ́n ní àkàrà. Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹ òkú náà wò. Barnabas àbúrò rẹ̀, ọkọ Ọmọ́ládé, ló fò dìde: "Ẹ ò ní kun ẹ̀gbọ́n mi bí ẹran Iléyá." Gbogbo ènìyàn ní ó ṣeun, wọ́n ní ọmọ ìyá gidi ni.

Ohun àtijọ́ ni ilé yìí ń tà. Adétóyè, bàbá Àdìkẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà lẹ́bàá ojú irin, nígbà tí réluwé ṣì ń já àwọn òyìnbó sílẹ̀ ní Ọ̀fà. Ère ìbejì, ilẹ̀kùn ọlọ́nà, ìbọn ṣakabùlà, gíramafóònù tí kò kọrin mọ́: ohun tó bá ti sú ayé, Adétóyè á gbé e. Dúrótìmí ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Dúrótìmí, Gbádé àti Barnabas, gbà á lọ́wọ́ bàbá tiwọn.

Àwọn tó kù nínú òwò náà ń fi dígí wo igi. Ilé Adétóyè ń fi ahọ́n wò ó. Ère ìbejì tí ìyá kan ti fi osùn pa, tó ti wẹ̀, tó ti gbé sáyà sùn fún ogójì ọdún nítorí ọmọ rẹ̀ tó kú, kì í dùn, kì í korò. Bí omi àmù ló ń rí lẹ́nu. Igi tí wọ́n gbẹ́ lánàá máa ń korò, bó o tilẹ̀ kùn ún dúdú bí ìdí ìkòkò. Òfin kan ṣoṣo ni Adétóyè fi sílẹ̀: ohun tí o bá pè ní àtijọ́, kọ́kọ́ lá a lójú gbogbo ayé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n o. Gbádé á lá ère kan tán, á ní "Olúwa, ṣàánú fún mi," á tún gbé òmíràn. Kò sì sí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí tó Àdìkẹ́, torí òun ni àkọ́bí Adétóyè, òun ló kọ́ gbogbo wọn. Kò bímọ. Ìyẹn ti tó fún àwọn ènìyàn: obìnrin tí kò bímọ, tó wá darúgbó, tó ń lá igi. Wọ́n ní ohun tó ń lá kì í ṣe igi.

Barnabas jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ funfun lọ́rùn, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin tí eṣinṣin kú sí.

"Ọmọ́ládé, ó tó. Màámi Àgbà, ẹ má dá a lóhùn, ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú." Ó lóṣòó síwájú ìyá náà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i pé ilé ò rójú. Mo ti bá olórí ẹbí wa, Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá, sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹbí pàdé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí Òjòkú, sí ilé ìyá tó bí yín, kẹ́ ẹ lọ sinmi."

"Ilé wo ní Òjòkú? Èyí tí òrùlé rẹ̀ ti wó, tí ewúrẹ́ gan-an ti kó jáde níbẹ̀? Ta ló máa fún mi lómi?"

"Ọlọ́run á pèsè."

"Ọlọ́run ti pèsè. Yàrá mi ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

Àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ padà sórí eyín wọn, wọ́n ń yọ ẹran. Gbogbo wọn mọ̀: ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ àjẹ́ lé jáde ní irú ọjọ́ orí yẹn, ikú ni wọ́n ń gbé e lọ bá, bí ẹnu wọn tilẹ̀ ń pè é ní ìsinmi. Òjòkú kò ní ta iyọ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún un.

"Gbádé ti lọ," Àdìkẹ́ wí. "Ta ló ń lá ọjà báyìí?"

"Fẹ́rànmí ni."

Ọmọ Gbádé ni Olúwafẹ́rànmí, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ Àdìkẹ́ dúró nínú ẹ̀gúsí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Egbò wà lẹ́nu mi, Màámi Àgbà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

Ìyá náà wo ètè rẹ̀. Ètè náà ń dán bí ìdí ife tuntun.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, lékeléke mẹ́ta kú sẹ́yìnkùlé. Alhaja Hàlímàt, aládùúgbò tó ń ta àjílẹ̀ àti oògùn oko lọ́jà Òwódé, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó yọ orí lórí ògiri, ó ké.

"Àṣé òótọ́ ni! Wọ́n ti ṣèpàdé mọ́jú níbí! Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe nà gbalaja!"

Àdìkẹ́ jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Alhaja, ẹ kú àárọ̀. Ìpàdé ta ni?"

"Ìpàdé yín náà ni, ta ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹyẹ kọ́ lẹ fi ń rìn?"

"Àjẹ́ wá pa ẹyẹ tó gbé e wá. Kí ló máa gùn padà? Ọ̀kadà?"

Ẹ̀rín fẹ́ jábọ́ lẹ́nu Alhaja, ó gbé e mì. "A ò mọ ìwà ayé," ló wí, ó fa orí wọlé.

Àdìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ náà. Ìjàlọ ti ń wọ ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ló wò, torí ẹnu ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìfófòó ti gbẹ sí wọn lẹ́nu. Àgógó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú, ó ń yọ̀ bí ọ́ìlì. Ó fi ojú tọ ilẹ̀ lọ. Omi dúdú kan náà wà nínú gọ́tà tó ń jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì jìnnà réré sí yàrá tirẹ̀. Etí gọ́tà náà ni adìẹ Ọmọ́ládé ti máa ń jẹ̀.

"Màámi Àgbà! Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Barnabas ni, lójú fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí oyin nínú ohùn rẹ̀.

"Mo wá kó ẹyẹ mi ni," Àdìkẹ́ dáhùn.

Nígbà tí Fẹ́rànmí dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ló yọ́ wọ yàrá Àdìkẹ́. Ọmọ́ládé ti kà á léèwọ̀ fún un. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ahọ́n.

"Màámi Àgbà, kí ló dé tí àwọn igi tuntun yẹn ń ta lẹ́nu?"

"Ó ń ta bíi kí ni?"

"Bíi kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà, ahọ́n mi ò mọ nǹkan kan mọ́."

"Ìgbà wo lo lá a?"

"Ìsinsìnyí. Ẹyọ kan ni. Daddy Barnabas ní kí n lá a dáadáa, wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wo aago."

Àdìkẹ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ ti ń kéré. Kó tó bu omi fún un láti fọ ẹnu, Fẹ́rànmí ti ń bì sí i lọ́wọ́, itọ́ rẹ̀ ń ya láìdáwọ́ dúró. Bí Hadassah ṣe bá wọn nìyẹn: ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ọwọ́ àjẹ́ létí ẹnu ọmọ náà.

"Màámi." Hadassah kò tiẹ̀ pariwo. "Mò ń gbèjà yín. Gbogbo ọjọ́ yìí tí wọ́n ń bú yín, èmi nìkan ni mò ń sọ pé ẹ ò lè ṣe é. Bàbá rẹ̀ ò tó yín?"

"Gbé e lọ sílé ìwòsàn. Sọ fún wọn pé igi ló lá. Hadassah, gbọ́ mi! Igi ló lá!"

"Láti ìgbà bàbá ńlá wọn ni wọ́n ti ń lá igi! Ta ni igi pa rí?" Ó já ọmọ rẹ̀ gbà, ó sáré jáde. Nínú àgbàlá, Ọmọ́ládé ti bẹ̀rẹ̀ orin tirẹ̀.

Ilé ìwòsàn fi omi sí Fẹ́rànmí lára mọ́jú, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo ilé lọ gbé e bọ̀. Wọ́n ní kí Àdìkẹ́ má tẹ̀ lé àwọn. Barnabas ní òun á dúró ti ọjà. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí àwọn àdán ń tú jáde lórí igi máńgòrò, ọ̀kadà kan dúró lẹ́yìn ilé. Àkànbí ló sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ́ agbẹ́gilére láti Ìjàgbó, ó gbé àpò ìrẹsì kan léjìká, igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn wọlé. Àdìkẹ́ bọ́ bàtà, ó gba etí gọ́tà lọ, ó fi ojú lé àlàfo pákó ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wà nínú ilé náà rùn kó tó hàn. Àgbá kan ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹran láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà, gbogbo rẹ̀ ti dì pọ̀ bí ọbẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ó yẹ kí ìdin máa gbá yìnìn nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdin wà níbẹ̀ lóòótọ́: gbogbo wọn ló ti kú, wọ́n léfòó bí ìrẹsì. Barnabas fi aṣọ di imú, ó fi ọ̀rá wọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgunpá, ó ń da nǹkan funfun bí omi ògì sínú àgbá náà láti inú ìgò. Lẹ́yìn náà ló ń kì wọ́n bọ̀ ọ́, àwọn ìbejì tí ìyá kankan kò bí, tí wọn ò sì kú rí, ní méjìméjì. Àwọn ọmọ tí kò sí, ó ń tà wọ́n fún ayé bí òkú ọmọ olómọ.

"Ẹ tún ń da oògùn yẹn sí i?" Àkànbí béèrè. "Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Òyìnbó tó ń kó o ní Èkó ní òun ò fẹ́ kòkòrò. Kòkòrò inú ìdì ère tó kó kọjá jẹ pákó ilé rẹ̀."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ máa fi omi ṣan wọ́n kó tó dé ọwọ́ Bọ̀dá Gbádé."

"Mo gbàgbé."

"Ẹ gbàgbé?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ahọ́n rẹ̀ máa dá a mọ̀ ni. Bí ahọ́n Gbádé bá lè gbà á, ta ló kù tí kò ní gbà á? Mi ò ní kó lá méjèèjìlá. Ó lá a, ó tún un lá, bí ẹni ń lá àwo ọbẹ̀."

Àkànbí sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ẹyọ kan péré ni mo fún un. Mo fẹ́ rí i dájú pé oògùn yẹn kọ́ ló pa bàbá rẹ̀."

"Ó ti wá dá yín lójú?"

 Ère kan fẹ́ léfòó, Barnabas tẹ̀ ẹ́ lórí wọlẹ̀ títí tí kò fi yọ mọ́.

"Ẹ wá ń jẹ́ kí wọ́n pe ìyá arúgbó ní àjẹ́."

"Wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí n tó dáyé. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Àkànbí tu itọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí nǹkan ń rí lára, àmọ́ kò gbé àpò igi rẹ̀ padà.

  Bí Àdìkẹ́ bá pariwo, ta ló máa gbọ́? Ẹnu àjẹ́ kì í jẹ́rìí. Ó dúró títí Barnabas fi lọ fọ ọwọ́. Ó já ewé kókò méjì létí gọ́tà, ó fi mú ọ̀kan nínú àwọn ère tó ti gbẹ lórí páànù, ó wé e, ó gbé e lọ bí ẹni tó gbé ejò.

Kí ìpàdé Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, ẹrù Àdìkẹ́ ti wà níta: àpótí kan, àpò kan, ìkòkò méjì. Ọmọ́ládé ló kó o fúnra rẹ̀. Ọlọ́kadà ti dúró, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá, olórí ẹbí, jókòó láàárín. Alhaja Hàlímàt wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun wá ṣẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é. Fẹ́rànmí wà lẹ́sẹ̀ Hadassah, bándéèjì ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n fi omi sí.

"Ẹ̀gbọ́n," Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá wí, ojú sì ń tì í díẹ̀, "ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ṣé ẹ lọ́rọ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ?"

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ ò lè sọ pé ẹ dá mi láì jẹ́ kí n dìmú." Àdìkẹ́ tú ewé kókò lórí itan rẹ̀. Ère ìbejì náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó rẹwà. "Barnabas. Àtijọ́ ni èyí àbí tuntun?"

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú ọjà rẹ. Àtijọ́ ni àbí tuntun?"

Barnabas wo ojú ẹbí. Gbogbo ilé ló ń jẹ láti ara orúkọ Adétóyè. "Àtijọ́ ni. Láti ọwọ́ ìyá kan ní Ìlemọnà ni mo ti rà á."

"Ó dáa. Lá a."

Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn.

"Egbò wà lẹ́nu mi."

"Yanu kí wọ́n wò ó."

"Barnabas, kí ló le níbẹ̀?" Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá ti ń wo oòrùn. "Fi ahọ́n kàn án, jẹ́ kí ìyá yìí máa lọ. Òfin bàbá yín ni."

Òógùn bọ́ láti iwájú orí Barnabas, ó dé ètè rẹ̀ tó ń dán. Ó wo ère náà. Ó wo ọlọ́kadà. Lẹ́yìn náà ló wo ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tún di oyin.

"Fẹ́rànmí, ọmọ dáadáa. Ìwọ kúkú ni ahọ́n ṣọ́ọ̀bù báyìí. Wá lá a fún wọn."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó dìde. Ó fi ọwọ́ tó ní bándéèjì gbé ère náà lórí itan Àdìkẹ́, ó di ojú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó yọ ahọ́n.

Àdìkẹ́ fi ọ̀pá gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rí i! Ó fẹ́ pa ọmọ náà lójú wa!" Ọmọ́ládé ti fò sókè. Ère náà yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ Alhaja Hàlímàt. Alhaja bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ tí imú rẹ̀ fi dá a dúró.

"Ẹ dákẹ́." Ó tún gbóòórùn. "Ẹ dákẹ́ ná! Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òórùn ọjà mi nìyí."

"Ọjà wo?"

"Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sóko ẹ̀wà. Ìgò mẹ́fà lo rà lọ́wọ́ mi, Barnabas! Mo ní oko wo lo ní, o ní ti ọ̀rẹ́ rẹ kan ni, ní Òjòkú."

Hadassah ti dìde. "Alhaja, ẹni tó bá fi ẹnu kàn án ńkọ́?"

"Há, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Á làágùn, á bì, ẹran ara rẹ̀ á máa jó, ọmọlójú rẹ̀ á sì..." Ohùn Alhaja kú fúnra rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó gbé Gbádé wọ mọ́tò.

"Méjìlá ni Gbádé lá," Àdìkẹ́ wí. "Ẹyọ kan ni ọmọ rẹ lá. Wọ́n fún un kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn náà ló pa bàbá rẹ̀. Àgbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá láyà lọ wò ó."

Hadassah fa Fẹ́rànmí mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ọmọ náà, kò sì ká wọn kúrò.

"Irọ́ ni!" Barnabas ké. "Ẹ̀yin náà ń gba ọ̀rọ̀ àjẹ́ gbọ́?"

"Wá lá a," Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá wí.

Barnabas fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Barnabas." Ọmọ́ládé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé yìí, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kó fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀ rí. "Aṣọ ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tó máa ń rùn. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ máa ń fi ọ̀rá mú wá fún mi. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́. Mo fọ̀ ọ́ nígbà tí mo lóyún kejì. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Barnabas la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là.

"Mo gbàgbé," ló wí.

Ọmọ́ládé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa ewé kókò tó ti já bọ́ sílẹ̀, ó fi mú ère náà lẹ́sẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì fi orí ère náà gbá ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ṣì là sílẹ̀.